Bátìrì Alágbèéká fún Mọ́tò: Ẹ Gbé E Sórí Ìwọ̀n Kí Ẹ Tó Sanwó

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí kò dáhùn láàárọ̀ ni. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Kàdúná níhìn-ín, kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ẹnì kan kò ní fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó sì wí pé, "Akọ̀wé, èwo ni kí á rà nínú àwọn bátìrì kékeré tí wọ́n fi ń jí mọ́tò yìí?" Ohun náà ni wọ́n ń pè ní jump starter. Ó ṣeé gbé sínú àpò, ó ní wáyà pupa kan àti dúdú kan, bí bátìrì mọ́tò bá sì kú, òun ni a ó fi mọ́ ọn tí mọ́tò yóò fi ṣíná láìsí mọ́tò kejì níbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ohun ìgbádùn àwọn olówó ni. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kú ní Ìbàdàn lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́. Ẹni tí ti rẹ̀ kú láàárín Àbújá àti Lọ́kọ́ja, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin àti àpò ẹ̀bùn ọdún lẹ́yìn, ta ni yóò pè? Láyé ìsinsìnyí tí a ń bẹ̀rù ajínigbé lójú ọ̀nà, dídúró sẹ́bàá títì kì í ṣe ohun àfiṣeré. Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ni ọ̀ràn yìí kàn jù.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́tò wa jẹ́ oníjíà àfọwọ́yí, ọ̀ràn náà kò le tó báyìí. Ẹ ó ké sí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò, àwọn aládùúgbò wa Haúsá yóò gbọ́ "Ku tura mana," wọn yóò fèjìká tì í, mọ́tò yóò sì gbà. Ṣùgbọ́n mọ́tò ọlọ́tọmátíìkì ni púpọ̀ nínú wa ń gùn báyìí, títì kò sì ran irú rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ tì í láti ibí dé Zaria, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní jí.

Ní ọyẹ́ èṣí, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ọkọ rẹ̀ wọ inú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, kẹ-kẹ-kẹ ni ó gbọ́. Àwọn ará ilé jáde, wọ́n tì í títí òógùn fi bò wọ́n nínú otútù, kò sí èsì, nítorí pé ọlọ́tọmátíìkì ni. Aládùúgbò wọn kan tí ó ń múra àtilọ kírun ni ó gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde tí ó sì gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè yìí, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi ẹnu lásán dá a lóhùn. A ka ìwé tí ó máa ń wà nínú páálí àwọn nǹkan wọ̀nyí, a sì jókòó ti àwọn rìwáyà tí ń ṣe iná mọ́tò, kí a tó mú kálámù.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe mọ́tò yín. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gbọ́ kẹ-kẹ-kẹ, tí iná iwájú sì ń kú lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé bátìrì ni. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere tí ẹ sì gbọ́ "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fura sí sítátà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí gidi gan-an ṣùgbọ́n tí kò gbà, ẹ lọ wo epo àti púlọ́ọ̀gì. Kò sí jump starter tí yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kí ẹ wo orí bátìrì méjèèjì. Bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù sí i, ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é padà gírígírí. Mọ́tò tí wọ́n ti pè ní òkú tí ó jí lẹ́yìn ìwẹ̀ yìí kò kéré.

Bí rìwáyà bá wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí ó fi mítà wò ó. Bátìrì tó kún, tí ó sì ti sinmi mọ́jú, yóò fi nǹkan bíi fóòltì 12.6 hàn. 12.4 kò burú. Bí ó bá ti di 12.0, ebi ti pa á gidigidi. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ó yẹ kí mítà náà gòkè dé 13.8 tàbí 14.4. Bí kò bá gòkè rárá, ọ̀tánétọ̀ ni kò bọ́ bátìrì, bátìrì tuntun pàápàá yóò sì kú sí yín lọ́wọ́.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń dá ọyẹ́ lẹ́bi. Oòrùn oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ibi náà. Ooru ni ó ń jẹ òjé inú bátìrì, òun ni ó sì ń mú omi inú rẹ̀ gbẹ. Ọyẹ́ kàn ń wá tú àṣírí ni, nítorí pé ní àárọ̀ tútù agbára bátìrì ń dínkù, òróró ẹ́ńjìnnì sì ń ki. Ní ilẹ̀ ooru bí tiwa, bátìrì tí ó bá lo ọdún méjì sí mẹ́ta ti gbìyànjú. Bí tiyín bá ti pé ọdún mẹ́ta tí ó sì ń kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ má ṣe ra jump starter. Ẹ ra bátìrì. Jump starter dà bí àyálò, kì í ṣe owó oṣù.

Bátìrì òjé ti pẹ́ láyé. Gaston Planté, ará Faransé, ni ó ṣe é ní 1859. Ní ìgbà tí mọ́tò kọ́kọ́ dé, irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi apá yí, ó sì máa ń ṣẹ́ apá ènìyàn, títí di ìgbà tí Cadillac ti Amẹ́ríkà gbé mọ́tò ọdún 1912 jáde, èyí tí iná bátìrì ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù ńlá tí ń fa wágọ́ọ̀nù wa lórí irin pàápàá, bátìrì ni ó ń jí i. Èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ jump starter ni bátìrì lithium-ion, tí Sony ti Japan kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní 1991. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, ìdí nìyẹn tí nǹkan tí kò ju ìwé Bíbélì lọ fi lè jí Camry.

Wàyí o, ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ nìyí. Lórí páálí, ẹ ó rí nọ́ńbà ńlá: 1000A, 2000A, 4000A, wọn yóò sì kọ "Peak" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń tà á yóò wí pé, "Alhaji, èyí lè jí tírélà!" Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo àwọn tí ń ṣe é fẹnu kò lé lórí fún "Peak" yìí. Ohun tí bátìrì náà lè tú jáde ní ìṣẹ́jú ojú ni wọ́n sọ pé ó jẹ́, ìṣẹ́jú ojú kì í sì í yí ẹ́ńjìnnì. Iye tí ó yẹ kí ẹ wá ni èyí tí ó lè fúnni fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún. Start current tàbí cranking current ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kékeré onípísítìnnì mẹ́rin, bíi ti Corolla, kì í sábà béèrè ju nǹkan bí ampere 100 sí 200 lọ láti yí. Ní tiwa, ẹni tí ó bá ra èyí tí start current rẹ̀ jẹ́ 300 tàbí 400 fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ra tó. Ẹni tí ń gùn Sienna onípísítìnnì mẹ́fà, kí ó wá 500. Ẹlẹ́ńjìnnì dísù yóò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísù ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ó sì ṣòro láti yí. Ẹ̀yin tí ẹ ní lọ́rì, ẹ dúró ná: fóòltì 24 ni ọ̀pọ̀ lọ́rì ńlá ń lò, bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀. Jump starter fóòltì 12 kì í ṣe tiyín.

Nọ́ńbà kejì ni mAh, èyí tí ó ń sọ bí iná inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Àwọn kan rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbè ńlá ọlọ́rùn tóóró lè gba omi púpọ̀ kí ó má sì lè tú u jáde kíákíá. Igbá ẹlẹ́nu gbòòrò tí kò gbà tó o yóò dà á jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu gbòòrò ni mọ́tò ń fẹ́. Iná tí ó ń lọ nígbà tí ẹ bá jí mọ́tò lẹ́ẹ̀kan kéré gan-an. mAh kàn ń sọ iye ìgbà tí ẹ lè tún un ṣe kí ẹ tó gbà á síná ni.

Síbẹ̀, mAh yìí ni a fi ń mú òpùrọ́. Ní ọ́fíìsì ẹrù ti rélùwéè, bí ẹnì kan bá kọ kílò márùn-ún sára páálí rẹ̀, a kì í bá a jiyàn. A ó gbé e sórí ìwọ̀n. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ mú mAh tí wọ́n kọ, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ sì fi 1000 pín in. Wh ni ohun tí ẹ ó rí. Èyí tí ó bá jẹ́ 20,000 mAh yóò fún yín ní 74 Wh. Lithium tí wọ́n ń fi sínú irú nǹkan báyìí, kílò kan rẹ̀ kì í gba ju nǹkan bí 250 sí 300 Wh lọ, ọ̀pọ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bátìrì 74 Wh kò lè fúyẹ́ ju ìdá mẹ́rin kílò lọ, kí a tó wá ka ike rẹ̀ àti wáyà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n kọ 99,800 mAh sí lára, irú rẹ̀ sì wà lọ́jà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó ju 369 Wh lọ. Ohun tí ó ń gbé irú iná bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n ju kílò kan àti ìdá márùn-ún kílò lọ, bátìrì nìkan. Bí ẹ bá gbé e lé ìwọ̀n, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́jà ìrẹsì, tí ó wá jẹ́ ààbọ̀ kílò, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Bí ó bá purọ́ nípa èyí tí a lè wọ̀n, kí ni yóò sọ nípa èyí tí a kò lè wọ̀n? Ẹni tí ó bá ń lọ sí Èkó, tí ó fẹ́ rà á ní Ládípọ̀ tàbí ní Alábà, kí ó mú ìwọ̀n ìfà kékeré dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ wo wáyà. Ó yẹ kí ó nípọn, kí ó sì kúrú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gbóná, yóò sì jẹ iná tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ẹnu tí ó ń já orí bátìrì bí ẹnu ọ̀nì, kí ó le, kí bàbà wà níbi eyín rẹ̀. Ní àárín wáyà náà, àpótí kékeré kan gbọ́dọ̀ wà tí ó ní iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé. Ọlọ́pàá rẹ̀ nìyẹn. Bí ènìyàn bá fi pupa sí ibi dúdú nínú òkùnkùn, àpótí náà yóò dá iná dúró. Láìsí i, àṣìṣe kan ṣoṣo lè jó kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, ó sì lè mú kí bátìrì gbiná. Èyí tí kò ní àpótí yìí, bí wọ́n tilẹ̀ ta á ní ọ̀pọ̀, ẹ má rà á.

Oríṣi mẹ́rin ni ó wà, ẹ jẹ́ kí á yára kọjá. Lithium lásán ni ó pọ̀ jù, òun ni ó fúyẹ́ jù. LiFePO4 jẹ́ lithium náà, ṣùgbọ́n ó fara da ooru jù, kì í sì í tètè gbiná. Ẹni tí ó bá rí i kí ó yàn án. Ti olójé wúwo bí ẹrù iṣu, ó sì ń fẹ́ kí a máa gba iná sí i lóṣooṣù. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ti kàpásítọ̀, tí kò ní bátìrì nínú rárá: ìyókù agbára tí ó wà nínú bátìrì mọ́tò ni ó ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ tí yóò sì tú u dà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò fún ọdún kan, kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí bátìrì mọ́tò bá ti gbẹ pátápátá, ẹ ní láti rí ibòmíràn tí yóò ti gba iná.

Bí ẹ ti ń lò ó nìyí. Ẹ pa iná, rédíò àti fáànù mọ́tò. Ẹ wò bóyá bátìrì mọ́tò kò là, kò sì jò. Bí ó bá là, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi pupa sí orí tí wọ́n kọ àmì + sí, kí ẹ fi dúdú sí irin gbalasa lára ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí bátìrì díẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná máa ń jáde láti inú bátìrì. Bí ìwé tó wà nínú páálí bá sọ pé orí bátìrì ni kí dúdú wà, ẹ tẹ̀lé ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ki ìdí wáyà bọ inú jump starter. Bí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, ẹ ṣíná, kí ó má ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Bí kò bá gbà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí gbogbo rẹ̀ tutù. Bí ó bá ti gbà, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wa mọ́tò fún ó kéré tán ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó pa á. Ẹ ó rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ "Boost" sí, fún bátìrì tí ó ti kú fin-ín-fin-ín. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọlọ́pàá inú àpótí lè ti sùn, nítorí náà ẹ wo pupa àti dúdú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ fi han ìyàwó yín àti àwọn ọmọ tí ń wa mọ́tò, ní ojúmọmọ. Ìyá tí mọ́tò rẹ̀ kú ní iwájú ilé ìwé àwọn ọmọ kò ní ráyè ka ìwé kékeré tí wọ́n tẹ̀ ní lẹ́tà bí ojú abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ó gbé e sí ló kù. Nínú mọ́tò tí a gbé sínú oòrùn Kàdúná ní oṣù kẹta, ooru lè kọjá 60°C, lithium kò sì fẹ́ irú rẹ̀. Ẹ máa gbé e wọlé bí ẹ ti ń gbé àpò yín. Ẹ máa wò ó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ gba iná sí i. Bí iná ìjọba bá dé lóru, ẹ má gbà á síná lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí tí ó bá wú bí àkàrà, ẹ má gún un, ẹ má lò ó mọ́, ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọdé.

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ṣì jẹ́ oníjíà àfọwọ́yí, tí kì í kúrò nínú ìlú, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì ní mọ́tò, kò nílò gbogbo èyí. Wáyà méjì tí ó nípọn, tí wọ́n fi ń gba iná lára mọ́tò ẹlòmíràn, tó o. Àwọn tí ń lọ sílé fún ọdún ni a ń bá wí jù, àti àwọn tí aya wọn lóyún.

Ẹni tí ó bá ti ra tirẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kí ó gbé e wá sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ìwọ̀n wà lọ́wọ́ wa. A ó wọ̀n ọ́n níbẹ̀ kí a tó ṣí ìpàdé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí a dán an wò lára mọ́tò rẹ̀, kí ó tètè dé, kí oòrùn tó mú.